Ìdúrónájà: ọ̀rọ̀ tí mo yàn, àti ìdí tí n ò fi ní í yí i padà

Ẹnì kan mú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí. Wọ́n ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ fún àwọn ọlọ́jà tó fẹ́ máa tajà lórí ayélujára. Mo ṣí i, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni: "Bí ẹ ṣe lè mú kí ìdána pọ̀ sí i lórí ojú òpó yín." Ìdána! Ẹni tó kọ ọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó bá ìdána níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ẹ́ńgéjìmẹ́ǹtì, ó sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńgéjìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń sọ lórí ayélujára ni kí ẹni tó wá sójú òpó dúró, kó wò káàkiri, kó tẹ nǹkan, dípò kó bá tirẹ̀ lọ; òun ni mo ń pè ní ìdúrónájà. Mo ṣí iwájú sí i, ó pe èrò tó ń wá sójú òpó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó wọlé tó sì jáde lójú ẹsẹ̀, ó ní onítọ̀hún "takìtì". Ó dùn mí gan-an. Ìyá tó jókòó ti igbá aṣọ ní Ọjà Ọba yóò ka ìwé yìí, yóò pa á dé, yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kọjá òye òun, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà nítòsí Ọláìyá ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹ́ńgéjìmẹ́ǹtì náà ni kí gbogbo wa máa pè é. N ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. A yá búrẹ́dì, a yá ṣọ́ọ̀ṣì, a yá fóònù, wọ́n ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ́ńgéjìmẹ́ǹtì ti nílé tirẹ̀ nínú Yorùbá. Ẹ dárúkọ rẹ̀ l'Óṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, alága ìdúró àti alága ìjókòó ni yóò wá sọ́kàn ẹni tó gbọ́, pẹ̀lú iṣu, obì, orógbó àti aṣọ ẹbí. Àwọn tí a sì fẹ́ ṣàlàyé fún gan-an ló ń ta aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí mo bá sọ fún aláṣọ pé ẹ́ńgéjìmẹ́ǹtì rẹ̀ lọ sílẹ̀ lóṣù yìí, yóò rò pé mò ń sọ pé àwọn tó ń gbéyàwó ò wá rajà mọ́. Ó ti di irọ́ nìyẹn.

Àwọn mìíràn ní ìbáṣepọ̀ ni kí a máa pè é. Ó dára létí, àmọ́ ẹ tú u wò: bá, ṣe, pọ̀. Ẹni méjì ní láti jọ ṣe nǹkan. Ẹni tó kàn dúró tó ń wo aṣọ mi, kí ló bá mi ṣe? Kò tíì sọ̀rọ̀. Ìlọ́wọ́sí tún burú jù ú lọ. Nígbà tí a bá ní ẹnì kan lọ́wọ́ sí nǹkan, ọ̀ràn ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọlọ́pàá ló sì máa ń wá a. Mo tún rí ibi tí wọ́n kọ ìbálòpọ̀ sí. Láyé àwọn bàbá wa, ìbálòpọ̀ ò ju kí ọmọ èèyàn jọ máa gbé pọ̀ dáadáa lọ, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí lónìí, kò sì yẹ kí a kọ ọ́ síwájú ìyá ẹni.

Ìdúrónájà ni mo yàn. "Ó dúró nájà": gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè sọ lọ́jà láìronú ni. Ẹ fi ì síwájú rẹ̀, ó di orúkọ, gẹ́gẹ́ bí dúró ṣinṣin ṣe di ìdúróṣinṣin. Kò sí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ìyọjúlọ, ìyẹn ti ẹni tó yọjú tó sì bá tirẹ̀ lọ. Èrò ni mo ń pe àwọn tó ń wá, bí a ṣe ń pe èrò ọjà. N kì í pè wọ́n ní oníbàárà, torí oníbàárà ti rajà lọ́wọ́ rẹ rí.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta àdìrẹ. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan. Màmá ò pariwo, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀. Ó kàn tú ìṣẹ́po aṣọ náà kan péré, kí ibi tí wọ́n fi ìyẹ́ kọ ọnà Ìbàdàndùn sí lè yọ síta.

"Ẹ fọwọ́ bà á, wíwò ò gba owó."

Obìnrin náà fọwọ́ bà á. Ó yí etí aṣọ padà láti wò ó bóyá aró dé ẹ̀yìn. Màmá tú ìṣẹ́po kejì. Obìnrin náà sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó wá ní, "Èló ni ọ̀pá márùn-ún?" Ó ti ń nájà nìyẹn. Kò tíì rà á o, ó ṣì lè lọ. Àmọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó ti dẹ ẹsẹ̀ títí dé ìgbà tó béèrè iye, òun ni ìdúrónájà.

Ẹ wá wo bí Google Analytics, ẹ̀rọ Google tó ń ka àwọn tó ń wá sójú òpó, ṣe ń kà á. Ti àtijọ́, èyí tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní July 1, 2023, máa ń ka ẹni tó bá wo ojú ewé kan ṣoṣo láìtẹ nǹkan mìíràn sí ẹni tó yọjú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ogún ìṣẹ́jú ka ojú ewé náà tinútinú. Ìwà ìrẹ́jẹ ni mo kà á sí. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, GA4 (Google Analytics 4), ní ẹni tó bá dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ ti di ẹni tí wọ́n kà mọ́ àwọn tó dúró. Tàbí ẹni tó bá wo ojú ewé 2, ó kéré tán. Tàbí ẹni tó bá ṣe ohun pàtàkì tí ọlọ́jà ti sàmì sí, bíi kó tẹ ibi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tó. Bíi ti obìnrin yẹn ni: ó dúró, wọ́n tú ìṣẹ́po mìíràn fún un, ó béèrè iye. Ohun tí ẹ̀rọ wá kà gan-an ni ọ̀rọ̀ mi sọ, ìbáṣepọ̀ ò sì lè sọ ọ́. Ẹni tí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kà sí ìyọjúlọ nísinsìnyí.  

Ojú òpó tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún màmá yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó ṣe é gbé àwòrán odò Ọ̀ṣun ràgàjì síwájú. Kó tó yọ tán lórí fóònù, ẹni tó ń wò ó á ti lọ. Google fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tó tóbi jù lójú ewé yẹ kó yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, tiwa ò sún mọ́ ọn rárá. Lẹ́yìn àwòrán, ọ̀rọ̀ ìkíni gígùn ló kàn, lẹ́yìn náà àpótí kan á fò jáde tí yóò máa béèrè ímeèlì lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì rí aṣọ kankan. Ìgbà wo ni màmá béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó kàn dẹ ẹsẹ̀? Kò sì sí iye owó níbì kankan.

Èmi àti ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, a tún un ṣe. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń yọ báyìí, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní ìtòsí débi pé ojú ìyẹ́ hàn lára ẹ̀kọ tó ti ṣí kúrò. Iye ọ̀pá márùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá tẹ aṣọ náà á rí bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́ sínú aró, á rí méjì mìíràn tó jọ ọ́, á sì rí WhatsApp màmá. A dín ìwúwo àwòrán kù, a sì rí i pé nǹkan kan ò máa sún kiri nígbà tí èèyàn bá fẹ́ tẹ ẹ́. Bó bá ń sún, ńṣe ló dà bí ẹni tó na ọwọ́ sí aṣọ tí ọlọ́jà sì fà á kúrò. Àwọn tó ń dúró pọ̀ sí i. Àwọn kan tó wá fún ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù August tó sì ti padà sílé wọn ṣì ń nájà pẹ̀lú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà.

Ọ̀rẹ́ mi tún mú ẹjọ́ mìíràn wá: ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó ní ojú òpó kì í tajà, ta ni yóò wá nájà níbẹ̀? Ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn yẹn lè máa lo ìdúrówò, n ò ní í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ojú òpó òwò là ń sọ, lójú òpó òwò, ẹni tó dúró láìní í lọ́kàn láti mọ iye kò pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pọ̀: ìdúrónájà. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti fà á sí méjì, "ìdúró nájà", tó wá dà bíi pé ìdúró ló ń nájà.