Ta ni ọ̀gá nínú bésíbọ́ọ̀lù: ẹni tó borí jù lọ́dún, àbí ẹni tó gba ife?

Ní ọdún 2001, ikọ̀ Seattle Mariners borí nínú eré 116, 46 péré ni wọ́n pàdánù. Nínú ìtàn líìgì àgbà bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ikọ̀ kan ṣoṣo mìíràn ló tíì borí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, ìyẹn Chicago Cubs ti ọdún 1906, kò sì sí èyí tó gba ife nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó wá di ọdún 2006, St. Louis Cardinals, tí wọ́n borí 83 tí wọ́n sì pàdánù 78, ni wọ́n gbé ife lọ sílé. Ohun tó ń ya àwọn òǹwòran lẹ́nu nìyí: bí ọ̀rọ̀ bá lè rí báyìí, kí wá ni ìwúlò gbogbo eré tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà gbá?

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó gba ife?

Nínú líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ wa ń wò, ẹni tó bá wà lókè tábìlì lẹ́yìn eré 38 ló ni ife, ẹjọ́ ti parí. Bésíbọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ 30 ló wà nínú líìgì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbá eré 162. Lẹ́yìn ìyẹn, ikọ̀ mẹ́fà láti inú líìgì kọ̀ọ̀kan á wọ ìpele àṣekágbá, níbi tí gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní ìpele kìíní, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí mẹ́ta ló wà nínú líìgì kọ̀ọ̀kan, ikọ̀ méjì tó borí jù nínú àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ìsọ̀rí wọn kì í sì í gbá a rárá, ìsinmi ni tiwọn. Ní ìpele kejì, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí ẹ̀ẹ̀mẹta ló yege; ní ìpele kẹta àti ní World Series tó kẹ́yìn, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 1968, ẹni tó bá ṣáájú ní líìgì kọ̀ọ̀kan ló ń lọ tààrà sí World Series. Wọ́n pín líìgì sí ìsọ̀rí ní 1969, wọ́n fi àyè kún un ní 1995 àti 2012, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ikọ̀ 12 ní 2022. Ní èrò tèmi, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ilẹ̀kùn náà ṣí gbòòrò ni iye eré tí ènìyàn borí láàárín ọdún ń dín kù ní agbára.

Kí ló dé tí ikọ̀ tó dára jù fi ń tètè jábọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú eré yìí, ọ̀gá pàápàá kì í ju ọmọ iṣẹ́ lọ púpọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Los Angeles Dodgers ọdún 2022 borí 111, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n fìdí rẹmi. Ká ní ikọ̀ kan lágbára débi pé bó bá pàdé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà 100, yóò borí ní 55. Nínú ìpele tí wọ́n ń wá ẹ̀ẹ̀mẹta, àǹfààní rẹ̀ láti yege jẹ́ nǹkan bíi 59 nínú 100. Ní ìpele ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó jẹ́ 61. Bí ó bá ní láti la ìpele mẹ́ta kọjá, ọ̀kan ti ẹ̀ẹ̀mẹta àti méjì ti ẹ̀ẹ̀mẹrin, tí a sì fi àǹfààní wọn sọ ara wọn di púpọ̀, ohun tó kù jẹ́ 22 péré. Kódà bí a bá sọ 55 yẹn di 60, kò ju 34 lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu pé Dodgers ti 2022 kò kọjá ọ̀dọ̀ San Diego Padres tó borí 89. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ mẹ́ta ló borí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Atlanta, Baltimore àti Dodgers, gbogbo wọn ló sì jábọ́ ní ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀. Arizona tó lé Dodgers lọ sílé kò borí ju 84 lọ.

Ṣé kì í ṣe pé eré náà fúnra rẹ̀ ti yí padà?

Ó yí padà díẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ajubọ́ọ̀lù ni ìyípadà náà sì wà, ìyẹn àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Láàárín ọdún, ikọ̀ kan nílò ajubọ́ọ̀lù márùn-ún tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá a. Nígbà tí ife bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ ìsinmi máa ń wà láàárín, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ti tó. Ikọ̀ tó ní akọni kan lè fi í bo àléébù gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ẹ wo World Series ọdún 2014. San Francisco Giants, tó borí 88 láàárín ọdún, ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Madison Bumgarner. Ó ju bọ́ọ̀lù ní eré kìíní, ó ju gbogbo abala mẹ́sàn-án ti eré karùn-ún, nígbà tó sì di eré keje, ní ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ó tún wọlé láti abala karùn-ún títí dé òpin. Giants ń ṣáájú Kansas City Royals pẹ̀lú àmì 3 sí 2. Ó ku ẹnì kan kí gbogbo rẹ̀ parí nígbà tí bọ́ọ̀lù Alex Gordon yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó yẹ kó mú un. Gordon sá dé ìbùdó kẹta, tí kò ju nǹkan bíi mítà 27 sí ilé, ibi tí ì bá ti gba àmì. Salvador Perez ti Royals ló kàn láti gbá bọ́ọ̀lù. Òun nìkan ló ti gba àmì lọ́wọ́ Bumgarner láti eré kìíní. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà, ó lọ sókè fíofío, Pablo Sandoval ti Giants sì mú un kó tó balẹ̀, eré parí. Ọkùnrin kan ju abala 21 nínú eré méje, àmì kan ṣoṣo ló sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Eré 162 kò lè sọ irú èyí fún yín tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ní ìsinmi ló ń ba àwọn tó wà lókè jẹ́. Òótọ́ ni?

Ariwo yẹn pọ̀ lẹ́yìn 2022 àti 2023, nítorí mẹ́ta péré ló yege nínú ikọ̀ mẹ́jọ tó sinmi. Ṣùgbọ́n ní 2024 àti 2025, mẹ́fà ló yege nínú mẹ́jọ. Ẹ ro ó pọ̀: mẹ́sàn-án nínú 16, tí kò jìnnà sí 59 nínú 100 tí a ṣírò lókè yẹn. Mi ò rí ẹ̀bi ìsinmi níbẹ̀.

Ṣé bíborí láàárín ọdún kò wá wúlò nìyẹn?

Ó wúlò gan-an ni, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá ìwúlò rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Kò sọ ikọ̀ di akọni ní oṣù Kẹwàá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ ewu kan kúrò lọ́nà. Bí ikọ̀ tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 22 nínú 100 bá ní láti kọ́kọ́ gbá ìpele kìíní náà, 22 yẹn yóò já sí nǹkan bíi 13. Lóòótọ́, Dodgers ti 2025, tó borí 93, gba ọ̀nà gígùn yẹn, wọ́n sì gba ife. Ṣùgbọ́n ní 2024 tí wọ́n borí 98, tí kò sí ẹni tó jù wọ́n lọ, ìpele mẹ́ta péré ni wọ́n ní láti là kọjá.

Mariners ti 2001 kò gbá ju ìpele méjì lọ. New York Yankees, tó borí 95 lọ́dún náà, ló na wọ́n ní eré 4 sí 1, títí di ìparí ọdún 2025 Seattle kò sì tíì dé World Series rí.