Ikọ́ Ti Dákẹ́, Ẹ̀pà Ṣì Wà Nínú Àyà

Ọmọ ń jẹ ẹ̀pà, ó ń sáré, ikọ́ gbà á lójijì, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó yá, ikọ́ rọlẹ̀, ó padà sídìí eré. Ẹ má tíì túra ká o. Ẹ̀pà náà lè ti kọjá gògóńgò, kó lọ há sí ẹ̀ka kan nínú ọ̀nà èémí. Tọ̀tún ló sábà máa ń wọ̀, torí ẹ̀ka ọ̀tún fẹ̀ ju tòsì lọ, ó sì dúró ṣánṣán. Kì í pẹ́ tí ibẹ̀ fi ń mọ́ ọn lára, ikọ́ á sì dákẹ́. Ọmọ ọdún 1 sí 3 ló wọ́pọ̀ jù fún. Eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ kò tíì pé lẹ́nu wọn.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ á padà, àyà á máa dún bíi fèrè, wọ́n á ní ikọ́ fée ni. Àmọ́ ikọ́ fée máa ń dún lápá méjèèjì. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń dún, tàbí tí òtútù àyà ń padà sójú kan náà, ẹ fura.

X-ray kì í rí ẹ̀pà, kì í sábà rí ike. Irin ló ń rí dáadáa. Nítorí náà, àwòrán tó mọ́ kò sọ pé kò sí nǹkan. Èyí tí a yà nígbà tí ọmọ mí síta ló wúlò jù: bí ó bá mí sínú, ọ̀nà á fẹ̀, atẹ́gùn á rá kọjá; bí ó bá mí síta, ọ̀nà á fún mọ́ ẹ̀pà náà, atẹ́gùn ò ní rí ibi jáde. Ẹ̀dọ̀fóró apá yẹn á wú sílẹ̀, á sì ti ọkàn sí apá kejì.

Bronchoscope, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná, la fi ń yọ ọ́ lẹ́yìn tí a bá fi oògùn kun ọmọ lóorun. Ẹ̀pà tó pẹ́ níbẹ̀ á fa omi, á wú, á rọ̀, ẹ̀mú tí a fi ń fà á jáde á sì máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má fún ọmọ lóúnjẹ tàbí omi lójú ọ̀nà ọsibítù, torí nínú oorun oògùn yẹn, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wọ ọ̀nà èémí.

Bí nǹkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ há ọmọ lọ́fun, tó ṣì ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Èyí tí kò lè wúkọ́, tí kò lè ké ni kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀ 5. Bí kò bá jáde, tẹ ikùn rẹ̀ sínú àti sókè, lókè ìdodo, lẹ́ẹ̀ 5. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, egungun àárín àyà ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ikùn. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe títí yóò fi jáde, kí ẹnì kan sì máa pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu wá ohun tí ẹ ò rí.