Ìpàdé ẹbí ńlá: Òṣogbo ló ti ṣẹ̀

Tá a bá ti dárúkọ ìpàdé ẹbí tí bàbá àgbà, ọmọ, ọmọ-ọmọ títí dé ọmọ ọwọ́ máa ń pé sí, àwọn kan á ní òyìnbó ló mú un wá, àwọn kan á ní Iléyá ni. Irọ́ ni jàre, ọ̀dọ̀ wa ní Òròkí, ìyẹn Òṣogbo, ló ti ṣẹ̀.

Ìpólé ni Lárooyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó ti wá, omi ló wọ́n wọn, wọ́n wá omi títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó gòkè wá síbi tí ìlú wà báyìí. Ní tèmi o, ìgbà tí wọ́n gòkè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan á ti wà lóko, ọdẹ á ti wọgbó, àwọn ọmọbìnrin á ti wà nílé ọkọ, tí ò bá sí ọjọ́ tí gbogbo wọn ń padà sétí odò, ṣé ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò ní máa fẹ́ra wọn láìmọ̀ ni?

Ẹ wo Ọdún Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀. Níbi Ìwọ́pópó, Àtáọja (ọba wa), olorì, ọmọ àti ìjòyè ló jọ ń jó lójú pópó. Tó bá di Ìborìadé, wọ́n á kó adé àwọn ọba tó ti wàjà jáde, wọ́n á bọ wọ́n, àwọn tó ti kú náà wá sípàdé nìyẹn o! Arugbá tó ń rugbá lọ sódò wá jẹ́ omidan ilé ọba. Ìran wo ló tún kù?

Ará Ìjẹ̀bú á ní Ojúde Ọba ńkọ́. Ó dùn ún wò, àmọ́ regbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ni, bàbá wà lẹ́gbẹ́ tiẹ̀, ọmọ wà lẹ́gbẹ́ tiẹ̀.

Bá a ṣe ń dáwó ìpàdé ẹbí gan-an ló wù mí jù. Owó màlúù, ìdí igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀, la fi ń pín in: ìyàwó baba ńlá tó bí mẹ́jọ àtèyí tó bí ẹyọ kan, iye kan náà ni àwọn ọmọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan ń dá pọ̀. Ìdí igi ọlọ́mọ kan á ráhùn, la bá ní kí ìrẹsì àti ọtí jẹ́ orí-ò-jorí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá iye kan náà. Ìyàwó ilé ló ń dáná, àwọn ọmọ osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé, á jókòó pa, àfi kí ẹran má tó, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn.

Ìyókù ò gbàsọ. Rélùwéè dé ní 1907, ó kó wa lọ Èkó, òwò gbé àwọn kan dé Ghana títí ìjọba ibẹ̀ fi lé àjèjì ní 1969, a di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, UNESCO gba Igbó Ọ̀ṣun wọlé sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ó wá ku WhatsApp àti ìjà owó aṣọ ẹbí. August ni ọ̀pọ̀ ilé ń fi ìpàdé ẹbí tiwọn sí kó lè bọ́ sásìkò Ọ̀ṣun, Sátidé sì ni wọ́n ń mú, torí ẹbí kan náà ló ń kí Jímọ̀ tó tún ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.