Ẹ Yé Ní Kí N Bá Yín Wo Ìràwọ̀ Ọmọ Yín

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló pè mí, ọ̀kan ní Kábbà, ọ̀kan ní Ìsánlú, ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: wòlíì ní ìràwọ̀ ọmọ àwọn ti ṣókùnkùn, kí n jọ̀ọ́ fi ẹ̀rọ mi bá wọn wò ó. Mi ò lè wò ó. Dátà tí tẹlisíkóòpù rédíò, ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run, bá kó jọ ni mò ń yẹ̀ wò, mò ń wá ohun tó ṣàdédé tàn lójú ọ̀run tó tún pa, tàbí èyí tó ń le tó ń rọ̀. Orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. MWA, tẹlisíkóòpù rédíò kan tó wà nínú aṣálẹ̀ ní Ọsirélíà, kò ní abọ́ bíi ti DSTV kankan, eriali kéékèèké bí aláǹtakùn ni wọ́n tò sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Lọ́dún 2018 ó gba nǹkan kan tó ń tàn ní gbogbo ìṣẹ́jú 18, kò sì ju ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan tó fi ń tàn, oṣù mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Tyrone O'Doherty, ló rí i nínú dátà, ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2022. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rìn fún bí ọdún 4,000 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló wá kan ọmọ tó fìdí rẹmi ní JAMB?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé kí n tó gbà pé nǹkan kan ti ọ̀run wá, ayé ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Pọ́lọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀, inverter, gílóòbù LED, wẹ́dà, gbogbo wọn ló ń pariwo sínú rédíò, kódà bààlù tó ń kọjá lọ lè da FM padà sí wa lára. Ohùn tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá lóòótọ́, èyí tó wà ní nọ́ńbà òkè lójú rédíò ló máa kọ́kọ́ dé, èyí tó wà ní nọ́ńbà ìsàlẹ̀ á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, torí àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíńtìntín tó ní iná lára, tó fọ́n káàkiri láàárín ìràwọ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Bí ọ̀kadà àti tírélà bá jọ kúrò ní Kábbà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ẹ mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dé. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń dé. Síbẹ̀ náà ó ń tan ni jẹ: ní Parkes, tẹlisíkóòpù rédíò mìíràn ní Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gba ohùn kan tó ń fà sẹ́yìn bíi ti ọ̀run gẹ́lẹ́, 2015 ni wọ́n tó rí i pé ẹnu ọ̀nà máíkírówéèfù ni, tí àwọn èèyàn ń ṣí kó tó pa ara ẹ̀. Àwa tá a kàwé fún un nìyẹn o! Wòlíì wo ló wá fi rédíò ọwọ́ mọ̀ ọ́n?

Ìyá kan ní àdúgbò wa ní Kábbà ta ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan gbé rédíò kékeré wá, ó ń hó ṣìì, ó ní ìràwọ̀ ọmọ ẹ̀ ló ń sunkún, ó gbowó, ó fi rédíò sílẹ̀ fún un kó máa gbàdúrà sí i lóru. Nígbà tí mo dé ilé, mo gbé e kiri yàrá, bí mo ṣe ń sún mọ́ ògiri ni ariwo ń pọ̀ sí i, mo yọ ṣájà fóònù kúrò lára iná, ó dákẹ́ wẹ́lo. Ìyá náà wò mí títí. Ó ní kí n tún fi í sí i, mo fi í sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, mo yọ ọ́, ó dákẹ́. Ló bá jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni ìyá ti ń lọ lọ ata báyìí, ó ń sanwó.