Nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí làákàyè ẹlẹ́jọ́, ta ni ó láṣẹ láti ṣí fáìlì lọ́yà rẹ̀?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Civil Justice Council, ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn aláṣẹ ilé ẹjọ́ nímọ̀ràn ní Ìlú Ọba lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, gbé àbọ̀ kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí ilé ẹjọ́ máa ṣe ìwádìí nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí làákàyè ẹni tí ó ní ẹjọ́ nílẹ̀. Ìròyìn náà ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti fi kún un lójú ọ̀nà pé adájọ́ yóò máa gba fáìlì lọ́wọ́ lọ́yà, yóò sì máa gbé e fún ẹni tí a jọ ń ṣẹjọ́. Ó ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, pàápàá àwọn tí òbí wọn ti dàgbà, tí ẹjọ́ ilẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Ìwọ̀nyí ni àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi wá jù, pẹ̀lú ìdáhùn wa.

Ṣé òfin ti yí padà ní Nàìjíríà ni?

Rárá. Àbá lásán ni àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ní Ìlú Ọba pàápàá, kò sì de adájọ́ kankan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Kí ni ó wá ṣòro tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá kan ní Màsífà ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba lọ́yà nítorí ilẹ̀ kan. Nígbà tí ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀, òun àti ẹni kejì gbà láti parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, bàbá sì tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ rẹ̀ wá sọ pé bàbá ti ń ṣarán kí ó tó tẹ̀ka, pé kò mọ ohun tí ó fọwọ́ sí. Ẹni kejì ní irọ́ ni, pé orí bàbá pé ṣáṣá. Ta ni ó lè sọ bí bàbá ṣe rí lásìkò náà? Lọ́yà rẹ̀ ni, nítorí òun ni ó jókòó tì í tí ó sì ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ti pa lọ́yà lẹ́nu mọ́, àfi bí bàbá bá ní kí ó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a ń jiyàn lé lórí gan-an ni bóyá bàbá ní làákàyè láti sọ pé kí lọ́yà sọ̀rọ̀ tàbí kí ó má sọ. Bí a bá gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, a ti gbà pé orí rẹ̀ pé kí a tó wádìí. Bí a kò bá sì gbà á, kò sí ẹni tí yóò yọ̀ǹda fáìlì náà.

Kí ni ó wà nínú fáìlì lọ́yà tí wọ́n fi ń lé e kiri?

Ohun tí a kọ sílẹ̀ kí ìjà tó dé ni, ìdí sì nìyẹn tí ó fi níyì. Lọ́yà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kọ ọjọ́ tí oníbàárà wá sílẹ̀, a máa kọ orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ lé e wá, a sì máa kọ ohun tí ó ní kí òun ṣe. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ni ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí òun ń bi bàbá, tàbí pé bàbá tún béèrè ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un, ìlà kan bẹ́ẹ̀ lè wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí mẹ́wàá tí wọ́n ń rántí nǹkan lẹ́yìn ọdún mélòó kan lọ.

Àwọn kan rò pé ìlà tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé àwọn tí kò mọ̀wé kà ti tó, èyí tí ó sọ pé a ka ìwé náà sí i létí ní èdè Yorùbá, ó sì dà bí ẹni pé ó yé e kí ó tó tẹ̀ka. Kò tó. Ìlà yẹn wà láti dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé; àìmọ̀wé kà kì í sì í ṣe àìní làákàyè. Ìyá tí kò ka ìwé rí lè mọ ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti orí igi dé orí igi, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí arán ti mú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ dáadáa sí ìwé tí kò yé e.

Ẹ má gbàgbé pé nǹkan mìíràn wà nínú fáìlì kan náà: ibi tí ẹjọ́ bàbá ti mẹ́hẹ, ẹlẹ́rìí tí lọ́yà kò gbẹ́kẹ̀ lé, àti iye tí ó kéré jù tí bàbá lè gbà. Bí èyí bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì, ẹjọ́ ti bàjẹ́, ìbáà jẹ́ pé orí bàbá pé tàbí kò pé.

Ta ni ó ni àṣírí náà, lọ́yà ni tàbí oníbàárà?

Oníbàárà ni. Abala 192 nínú òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, sọ pé lọ́yà kò gbọdọ̀ tú ohun tí oníbàárà bá a sọ nítorí iṣẹ́ tí ó gbé fún un, tàbí ìmọ̀ràn tí ó gbà á, àfi bí oníbàárà bá fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Ìdè náà kò tú bí iṣẹ́ bá parí. Òfin kò bo ọ̀rọ̀ tí a sọ láti fi ṣe ohun tí kò bófin mu, kò sì bo ìwà ọ̀daràn tàbí jìbìtì tí lọ́yà bá fi ojú ara rẹ̀ rí lẹ́yìn tí ó ti gba iṣẹ́. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń rẹ̀yìn kò sí lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ yìí, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Ìgbà náà gan-an ni ó nílò ẹni tí yóò pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé lọ́yà tàbí ògbufọ̀ ńkọ́?

Ìdè kan náà ni ó wà lọ́rùn wọn, abala 193 ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Bí bàbá kò bá lè yọ̀ǹda, ṣé kò wá sí ọ̀nà àbáyọ ni?

Ó wà, ṣùgbọ́n a ní láti rọra rìn ín. Ìlànà ilé ẹjọ́ gíga fàyè gbà á kí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé máa ṣẹjọ́ nípasẹ̀ alágbàtọ́ tí ilé ẹjọ́ mọ̀ sí. Ìlú Ọba náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Alágbàtọ́ yìí ni ó ń dúró sí ipò bàbá, òun ni ó sì tọ́ kí ó pinnu, fún àǹfààní bàbá nìkan, bóyá kí apá kan nínú fáìlì náà jáde. Nítorí náà, ẹni tí ilẹ̀ yóò kàn bí bàbá bá pàdánù tàbí bí ó bá jàre kò yẹ ní alágbàtọ́, ìbáà jẹ́ àkọ́bí. Ibi tí nǹkan ti máa ń wọ́ nìyí nínú ilé wa, nítorí pé ọmọ tí ó ń tọ́jú bàbá ni a máa ń kọ́kọ́ nàka sí, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ni ó máa ń fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà.

Bí àríyànjiyàn bá wà lórí bóyá ìwé kan jẹ́ àṣírí, adájọ́ lè kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀ láìfi han ẹni kejì. Ní èrò tèmi, ọ̀nà tí ó dára jù ni kí adájọ́ mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tí yóò dá ẹjọ́ ilẹ̀, wo kìkì ojú ewé tí ó kan ọ̀rọ̀ làákàyè, kí wọ́n sì bo ìyókù. Adájọ́ tí ó bá ti mọ iye tí bàbá lè gbà yóò ṣòro fún láti gbàgbé rẹ̀.

Kí ni ilé ẹjọ́ Ìlú Ọba ti ṣe nínú irú ẹjọ́ báyìí?

Méjì ni ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ní 2002, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó fara pa lójú ọ̀nà ní 1980, tí ó gba owó ìtánràn ní 1987, tí ó wá sọ lẹ́yìn náà pé ọpọlọ òun kò pé nígbà tí òun gbà á. Wọ́n yẹ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wò, àti lẹ́tà rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó lè bójú tó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rí ti jáde: láti inú àpótí oníbàárà fúnra rẹ̀.

Èkejì ni ti obìnrin kan tí ọ̀kadà kọ lù ní 1999. Ó gba £12,500 ní 2003, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà, láìsí ẹni tí ó fura pé ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé àdéhùn náà kò dúró, nítorí pé adájọ́ kò fọwọ́ sí i. Wọ́n tún sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ kékeré tí lọ́yà rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni a óò fi wọn làákàyè rẹ̀, bí kò ṣe ẹjọ́ ńlá tí ó tọ́ sí i gan-an. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, fáìlì tí ó mọ́ tónítóní kò ní ju ohun tí lọ́yà rí lọ, nígbà tí lọ́yà pàápàá lè má rí nǹkan.

Ṣé ẹni tí ó bá ti ń gbàgbé nǹkan kò ní làákàyè mọ́ nìyẹn?

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2005 lórí làákàyè sọ pé a gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbà pé orí olúkúlùkù pé, àti pé ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu lójú wa kì í ṣe ẹ̀rí pé orí ẹni tí ó ṣe é kò pé. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ń bi: ṣé ọ̀rọ̀ náà yé e, ṣé ó lè dì í mú sọ́kàn, ṣé ó lè gbé e yẹ̀ wò, ṣé ó sì lè sọ ohun tí ó fẹ́? Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹni tí ó lè ra iṣu ní ọjà lè má lè darí ẹjọ́ ilẹ̀. Òfin ẹ̀rí tiwa náà, ní abala 175, kò lé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá ṣáṣá kúrò nínú àpótí ẹlẹ́rìí, bí ìbéèrè tí a ń bi í bá ń yé e.

Ìwé ilé ìwòsàn ńkọ́, ṣé àṣírí ni òun náà?

Àṣírí ni, ṣùgbọ́n kò le tó ti lọ́yà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 gbà kí ó jáde bí aláìsàn bá yọ̀ǹda nínú ìwé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀dọ̀ dókítà ni ó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó máa lọgun fáìlì lọ́yà.

Èmi ni mò ń san owó lọ́yà màmá mi. Ṣé mo lè béèrè fáìlì rẹ̀?

Ẹ lè béèrè, ṣùgbọ́n lọ́yà kò gbọdọ̀ gbé e fún yín láìgba àṣẹ lẹ́nu màmá. Owó tí ẹ san kò sọ yín di oníbàárà.

Màmá ti fún mi ní ìwé àṣẹ láti ṣojú òun. Kò wá tó?

Ní Ìlú Ọba, irú ìwé àṣẹ kan wà tí a ṣe nítorí ọjọ́ tí làákàyè bá lọ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn náà. Ìwé àṣẹ lásán tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀: bí làákàyè ẹni tí ó fún yín ní àṣẹ bá lọ, àṣẹ náà ti parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò mọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìwé bẹ́ẹ̀ ta ilẹ̀.

Kí ni kí n ṣe báyìí, nígbà tí orí ìyá mi ṣì pé?

Ẹ jẹ́ kí ó dá wọ yàrá lọ́dọ̀ lọ́yà, kí ẹ̀yin jókòó síta. Kí ó sọ fún lọ́yà, nínú ìwé, ẹni tí ó lè ka fáìlì òun bí ọpọlọ òun bá rẹ̀yìn, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ rí i. Bí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn ńlá tàbí ìwé ìhágún, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀; ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kò di dandan kí ẹ lọ sí Aró.

Ẹ̀gbọ́n mi lè purọ́ pé orí màmá kò pé kí ó lè rí fáìlì. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ẹ má sùn lórí rẹ̀, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹnu lásán kò tó. Ẹni tí ó bá sọ pé orí ènìyàn kò pé ni yóò mú ẹ̀rí wá. Bí ìwé ilé ẹjọ́ bá dé, ẹ wá lọ́yà mìíràn fún màmá lórí ọ̀rọ̀ làákàyè nìkan, kí ẹ sì bẹ adájọ́ pé kí ó gbọ́ tẹnu màmá fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú ewé kan.