Bí ariwo kọ̀ǹpútà ṣe ń wọnú rédíò, àti bí a ṣe lè dín in kù

Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ketekete lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùnmùyùnmù bí oyin ní gbàrà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà nítòsí rẹ̀. Rédíò ò bàjẹ́. Iná tó ń yára tàn, tó ń yára kú nínú kọ̀ǹpútà ló ń tú ìgbì rédíò jáde, wáyà tó so mọ́ ọn sì di áńtẹ́nà fún un.

Ṣájà ló sábà máa ń jẹ̀bi ju kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní ó ń já iná tó sì ń so ó padà ní ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 100 kHz, ariwo rẹ̀ á tún yọ ní 200, 300, 400, títí lọ. Orí AM, láàárín nǹkan bíi 530 sí 1,700 kHz, ló máa já sí. FM jìnnà sí i, ní 87.5 sí 108 MHz (MHz kan jẹ́ 1,000 kHz), kì í sì í ka bí ìgbì ṣe ń ga tó ń lọ sílẹ̀ sí; ohun tí AM ń tẹ́tí sí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ká kọ́kọ́ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká. Bí ariwo bá dákẹ́, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Bí kò bá dákẹ́, ká pa skíríìnì, ká wá máa yọ àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ká fi bátìrì sí rédíò: bí ariwo bá rọlẹ̀, wáyà iná ilé ló ń gbà wọlé.

Gbígbé rédíò jìnnà ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Yíyí rédíò AM náà ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pá ferrite (ohun dúdú tí wọ́n fi èròjà irin ṣe, tó jẹ́ áńtẹ́nà rẹ̀) tó wà nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí orí rẹ̀ bá kọjú sí.

Òrùka ferrite tí wọ́n ń fi há wáyà lẹ́nu tún wà. Ẹ̀bá ohun tó ń fa ariwo náà ni ká fi í sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kò wúlò. Bí wáyà bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, agbára ìdènà rẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Bí ariwo ò bá yẹ̀ síbẹ̀, ká pa iná gbogbo ilé, ká gbọ́ rédíò lórí bátìrì. Tó bá ṣì ń kùn, ibòmíràn ló ti ń wá.