Ohùn Ta Ni Burt Lancaster Ń Fi Sọ̀rọ̀?

Àwọn kan wà tí wọn kì í wo sinimá ilẹ̀ òkèèrè àfi bó bá jẹ́ ohùn òṣèré gan-an ni wọ́n máa gbọ́. Èyí tí wọ́n bá fi ohùn ẹlòmíràn sí, ayédèrú ni lójú wọn. Tó bá kan fíìmù Ítálì ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo fíìmù Il Gattopardo, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún sinimá Cannes, nílẹ̀ Faransé, ní 1963. Burt Lancaster, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe ọmọ aládé Sicily, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ níwájú kámẹ́rà. Nínú ẹ̀dà ti Ítálì, ohùn Corrado Gaipa, òṣèré ará Ítálì, ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, Lancaster ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ará Ítálì tó yí i ká ló wá di ẹni tí wọ́n yá ohùn fún. Èwo wá ni ojúlówó?

Ní Ítálì ìgbà yẹn, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ya àwòrán tán ni wọ́n sábà máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ariwo tó bá wọlé nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán kò ba nǹkan kan jẹ́, torí wọ́n máa yọ ọ́ dànù. Fellini, olùdarí fíìmù ará Ítálì, a tiẹ̀ máa ní kí òṣèré ka ení, èjì, ẹ̀ta dípò ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé àwòrán sí wẹ́wẹ́, wọ́n á so orí ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè máa yí po, ẹni tó ni ohùn á sì máa tún gbólóhùn kan náà sọ títí yóò fi bá ètè mu.

Ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi rọ́pò ti òṣèré ni iṣẹ́ wà. Aránṣọ ni: wọ́n ti wọn ara fún un, ara ọ̀hún kò sì ní sanra, kò ní rù, nítorí aṣọ rẹ̀. Níbi tí ètè bá ti pàdé, b, m tàbí p ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan fún "please", ó tán. "Per favore", bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè Ítálì, bẹ̀rẹ̀ dáadáa, p bá p mu, àmọ́ etí aṣọ ń wọ́ nílẹ̀. Àfi kó gé e, tàbí kó dúró dìgbà tí òṣèré bá kẹ̀yìn sí kámẹ́rà kó tó rọ́ èyí tó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ìpàkọ́ kò lẹ́nu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti wà lọ́tọ̀, tí orin àti ìró ẹsẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, orílẹ̀-èdè tó bá ra fíìmù náà kàn máa yọ ọ̀rọ̀ kúrò, á fi tirẹ̀ sí i. Ọgbọ́n ọjà gidi nìyẹn.

Ó ní ìrẹ́jẹ nínú, ṣá. Tunis, ní Àríwá Áfíríkà, ni wọ́n bí òṣèrébìnrin Claudia Cardinale sí, ohùn rẹ̀ sì ha díẹ̀. Ohùn obìnrin mìíràn ni wọ́n máa ń fi bò ó, títí Fellini fi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú fíìmù 8½ ní 1963. Ọdún yẹn kan náà ni Il Gattopardo jáde, ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n sì tún fún un níbẹ̀.